Kí Á Tó Sá Wọ Bárékè: Ìkìlọ̀ fún Ará Kòsọ́fẹ́

Bí oṣù Kẹsàn-án bá ti wọlé, ará Ajégúnlẹ̀, Ìtòwòlò, Òwòdé Ẹlẹ́dẹ̀ àti Agilítí kì í fọkàn balẹ̀ sùn mọ́. Òjò Èkó nìkan kọ́ ni wọ́n ń bẹ̀rù. Omi tí wọ́n bá tú sílẹ̀ ní dáàmù Ọ̀yán lápá Abẹ́òkúta, odò Ògùn ni yóò gbé e wá ká wọn mọ́lé. Lọ́dún 2010, omíyalé lé ọ̀pọ̀ ìdílé jáde ní Ajégúnlẹ̀, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì kó nínú wọn lọ sí àgọ́ ní Àgbọ̀wà. Ìyá tó ń ta tòmátì ní Mile 12, tí ọmọ rẹ̀ ń kàwé ní Ìkòsì, Àgbọ̀wà jìn sí i púpọ̀. Ìyẹn ló ń mú kí àwọn míì jókòó ti ẹrù wọn títí omi á fi dé orókùn.

Ṣé kò wá yẹ kí ìjọba ṣí bárékè tó wà nítòsí fún irú wọn? Ó yẹ. Àwọn ṣọ́jà ní ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ akẹ́rù, jẹnẹrétọ̀, dókítà àti ilẹ̀ tó fẹ̀. NEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìjàm̀bá pàjáwìrì, pàápàá ti yan àwọn ẹ̀ka kan láàárín ọmọ ogun tí yóò máa dìde sí ìjàm̀bá. Ṣíṣí bárékè yóò sì gba àwọn ọmọ wa sílẹ̀: nígbà omíyalé 2012 àti 2022, iléèwé ni wọ́n sọ di àgọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ yìí, ẹ̀kọ́ sì dúró.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí Ìkẹjà. Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, ibi tí wọ́n ń kó àdó olóró sí nínú bárékè Ìkẹjà gbiná. Àdó olóró ń bú gbàmù mọ́jú, ó ń fò kọjá ògiri bọ́ sílé onílé. Èèyàn tó kú lé ní 1,000. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, àdó olóró kọ́ ló pa wọ́n. Wọ́n ń sá nínú òkùnkùn láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ, wọ́n kó sínú kánààlì Òkè-Àfá. Ewéko ti bo ojú omi náà, wọn ò mọ̀ pé omi ni. Ọmọdé pọ̀ nínú òkú tí wọ́n kó jáde. Bárékè yẹn kò sì jìnnà sí wa: ẹni tó bá gba títì Ìkòròdú láti Kétu dé Maryland ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin baálẹ̀ àti alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò (CDA), bí wọ́n bá ní kí ẹ kó èèyàn wá sí bárékè kankan, ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí ohun ìjà wà. Bí ó bá wà nínú ọgbà kan náà, ẹ má gbà. Ẹ béèrè ẹnubodè tí èèyàn yóò gbà jáde lóru, kí iná wà níbẹ̀. Kí òṣìṣẹ́ LASEMA, àjọ pàjáwìrì Ìpínlẹ̀ Èkó, máa kọ orúkọ, kí ó máa pín oúnjẹ. Kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin ní kọ́kọ́rọ́. Ẹni tí omi lé kúrò nílé kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n, kò sì yẹ kí ṣọ́jà máa pàṣẹ fún un bíi ti ẹlẹ́wọ̀n.

Ẹ̀yin onílé àti ayálégbé, tí wọ́n bá ti kéde pé wọ́n fẹ́ tú omi Ọ̀yán sílẹ̀, ẹ má dúró wo bó ṣe máa rí. Ẹ di ìwé ilé, ìwé ẹ̀rí ọmọ àti oògùn sínú ọ̀rá. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀nà tí wọn yóò gbà nígbà tí ojúmọ́ ṣì mọ́, kí wọ́n mọ ibi tí kánààlì àti gọ́tà wà. Nọ́ńbà pàjáwìrì 767 àti 112 kò gba owó. Ẹ pè wọ́n kí omi tó wọlé.

Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, Ìkòsì-Ìṣẹrì àti Àgbóyì-Kétu, ẹ lọ bá àwọn ọ̀gá ológun jókòó báyìí, kí ẹ fọwọ́ síwèé àdéhùn lórí bárékè tí a ó máa lò, kí ẹ sì ka ìwé náà sétí àwọn ará ìlú kí oṣù Kẹsàn-án tó dé.