Àwọn Tó Ń Gbé Igi Ró Lábẹ́ Ilẹ̀

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ igi ni mo fẹ́ bá ọ sọ, mo sì mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n bí sí Fádèyí, tó jẹ́ pé ariwo ọkọ̀ Ọ̀nà Ìkòròdú ló ń jí i láràárọ̀, tó sì mọ òórùn tàdáwà ìtẹ̀wé Ṣómólú ju òórùn ewé tútù lọ, lè máa wò mí pé kí ló kan òun nínú ọ̀ràn igbó. Ó kàn ọ́ gan-an. Máńgòrò ẹ̀yìnkùlé tí ẹ̀ ń sọ lókò, ọ̀pẹ tó kù díẹ̀díẹ̀ lápá Akọka, ìrókò tí wọ́n fi kan ilẹ̀kùn ilé bàbá bàbá rẹ, kò sí èyí tó dá dàgbà nínú wọn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ohun tó sì wà lábẹ́ igi ju gbòǹgbò lọ.

Olú ni mo ń sọ. Èyí tí à ń ká sínú agbọ̀n lásìkò òjò, èso olú ni; olú fúnra rẹ̀ wà nínú ilẹ̀, fọ́nrán tó tín-ín-rín ju irun orí lọ, tó ń rìn láàárín erùpẹ̀ àti ewé jíjẹrà. Kò ní ewé, kò lè fi oòrùn se oúnjẹ fún ara rẹ̀, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ wá ibi tí yóò ti jẹun, ibẹ̀ gan-an sì ni ìwà wọn ti yàtọ̀ síra. Àwọn ìyá wa mọ̀ ọ́n kí ìwé tó dé. Wọ́n mọ ohu tó ń jẹ òkú igi, wọ́n mọ olú ọ̀pẹ tó ń hù lára ọ̀pẹ tó ti ṣubú, wọ́n mọ olú ńlá adùn-bí-ẹran tó ń yọ lórí ilé ikán, nítorí ikán ló ń gbìn ín, tó ń tọ́jú rẹ̀, tó sì ń jẹ ẹ́. Onímọ̀ kan, B. A. Oso, kọ nípa olú àti àwa ọmọ Yorùbá ní 1975, ẹni tó bá sì ka irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní pe ìyá arúgbó oko ní òpè mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ kan ṣì kù tí ọkàn mi fà sí jù: èyí tí kì í jẹ òkú igi, tí kì í gbé ilé ikán, tó jẹ́ pé gbòǹgbò igi alààyè ló bá dá májẹ̀mú.

Àwọn kan nínú wọn a wọ inú gbòǹgbò lọ, wọn a sì máa gbé ibẹ̀ láìpa igi lára. Ìrókò ń bá irú wọn gbé, ọ̀pẹ àti kòkó ń ṣe bẹ́ẹ̀, máńgòrò ń ṣe bẹ́ẹ̀, àní àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ tí à ń jẹ. Irú wọn kò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ, o kò sì ní rí olú wọn lókè ilẹ̀ láé, síbẹ̀ àwọn ló ń bá èyí tó pọ̀ jù nínú ewéko ayé ṣe pọ̀. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fádìẹ. Àwọn kejì kì í jìn sínú ilé onílé, ẹ̀wù ni wọ́n ń dá fún gbòǹgbò. Àwọn wọ̀nyí ló pọ̀ lóríṣiríṣi, tí àwọn onímọ̀ fojú bù pé wọ́n tó 20,000 káàkiri ayé. Ní 1968, onímọ̀ igbó kan, J. F. Redhead, tẹ ohun tó rí lára gbòǹgbò àwọn igi igbó Nàìjíríà jáde: èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni olú ń wọ inú wọn, igi apá sì wà lára ìwọ̀nba tó ń wọ ẹ̀wù. Bẹ́ẹ̀ ni, apá kan náà tí àwọn àgbà kì í fẹ́ kọjá nídìí rẹ̀ lóru nítorí àwọn àjẹ́.

Bí o bá dé ìdí apá nígbó, rọra gbá ewé gbígbẹ kúrò, kí o fi ìka wa erùpẹ̀ òkè fẹ́ẹ́rẹ́, ìwọ yóò rí gbòǹgbò wẹ́wẹ́. Wo ṣóńṣó orí wọn dáadáa. Wọn kò gùn, wọn kò mú; kúkúrú ni wọ́n, wọ́n ki, wọ́n sì pẹ̀ka. Ọ̀kan á funfun, èyí tó tẹ̀ lé e á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, òmíràn á dúdú, torí pé olú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló dáṣọ fún ṣóńṣó kọ̀ọ̀kan lára gbòǹgbò igi kan ṣoṣo.

Ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè Benin, níbi igbó Wari-Maro tó wà ní òkè Ṣábẹ àwọn ará wa, bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, olú ọ̀wọ́ yìí a yọ nídìí apá àtàwọn igi mìíràn nílẹ̀ ọ̀dàn: èyí tó pọ́n bí ìyeyè, èyí tó dé fìlà pupa, èyí tó jẹ́ pé bí o bá ṣẹ́ ẹ, oje funfun á máa sun lára rẹ̀. Àwọn onímọ̀ olú mẹ́ta, De Kesel, Codjia àti Yorou, tẹ ìwé jáde lórí olú jíjẹ ilẹ̀ Benin ní 2002, Yorou yìí sì jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Parakou. Inú mi máa ń dùn pé ọmọ ilẹ̀ náà ló ń ka olú ilẹ̀ náà. Ohun tó ń dùn mí ni pé a kò lè gbìn wọ́n sínú àpò bí a ti ń gbin olú tó ń jẹ igi gbígbẹ: bí wọ́n bá gé apá fún pákó, tí wọ́n sì ń gé ẹ̀ka rẹ̀ fún màlúù lọ́dọọdún títí ó fi kú, olú rẹ̀ kò níbi tí yóò sá lọ.

Kí ni wọ́n ń fún ara wọn? Oúnjẹ kan wà nínú ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní phosphorus, kì í rìn. Gbòǹgbò á jẹ èyí tó wà nítòsí tán, á wá dúró sójú kan pẹ̀lú ebi. Ibẹ̀ ni fọ́nrán olú á ti kọjá lọ, á wọ ihò tí gbòǹgbò kò lè wọ̀, á kó o wá, á sì bu omi wá pẹ̀lú nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Igi á fi ṣúgà tí ewé rẹ̀ ṣe san án, nígbà mìíràn ìdá kan nínú márùn-ún ohun tó ní ló ń bá a lọ. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún. Iṣẹ́ àwọn olú náà kò sì dọ́gba: ọ̀kan mọ bí a ti ń fa oúnjẹ jáde lára ewé jíjẹrà, òmíràn mọ ìgbà ọ̀dá, òmíràn ń lé àrùn kúrò nídìí gbòǹgbò, àwọn kan á wà pẹ̀lú igi ní kékeré, àwọn mìíràn á dé nígbà tó bá dàgbà. Ìwọ náà mọ ọ̀nà ìtẹ̀wé Ṣómólú. Ẹni tó ń ṣe pílétì kọ́ ló ń tẹ̀ ẹ́, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kọ́ ló ń gé e, ẹni tó ń di ìwé wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, bí ọ̀kan bá sì ti ilẹ̀kùn lónìí, ìwé oníbàárà kò ní jáde.

Ọmọ Jámánì kan, Albert Bernhard Frank, ló sọ àjọṣe yìí ní mycorrhiza ní 1885. Ìjọba Prussia ló ní kó wá bí wọn yóò ṣe máa gbin truffle, olú abẹ́ ilẹ̀ olówó ńlá. Gbòǹgbò tó wọ ẹ̀wù ló bá pàdé. Ṣùgbọ́n ìtàn igi páìnì ni mo fẹ́ kí o mú dání. Ní erékùṣù Puerto Rico, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ń gbin páìnì tí kò dàgbà, ewé rẹ̀ á pọ́n, á ràn, á kú. Ní 1955 ni wọ́n bu erùpẹ̀ ìdí páìnì láti Amẹ́ríkà wá sídìí wọn, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Igi nìkan ni wọ́n ti ń kó wá látẹ̀yìnwá, wọn kò kó àwọn ará ilé rẹ̀.

Òmíràn tún wà tó máa ń mú mi ronú nípa ẹ̀yin ọ̀dọ́. Bí a bá da ajílẹ̀ olóyìnbó tó ní phosphorus sídìí ewéko ju bó ti yẹ lọ, kò ní wá olú mọ́, á dín ṣúgà tó ń fún un kù, olú á sì máa fà sẹ́yìn. Ọjọ́ tí ajílẹ̀ bá tán tí ọ̀gbẹlẹ̀ sì dé, ewéko náà á ké, kò sí ẹni tí yóò jẹ́ ẹ. Mo ti rí ọmọ Bàrígà tí owó dé bá, tó kó kúrò láàárín wa, tí kò mọ ilé ẹni tó yá a lówó ìdánwò mọ́. Ọmọ mi, má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ bá ti kún tó, máa fún wọn ní tiwọn lọ.

Wọn yóò tún sọ fún ọ pé àwọn igi ń gba ọ̀nà olú bára wọn sọ̀rọ̀, pé ìyá igi ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú lábẹ́ ilẹ̀. Ní 1997 ni onímọ̀ igbó kan, Suzanne Simard, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní Kánádà pé ohun tí igi kan fi oòrùn ṣe lè dé ara igi mìíràn. Ṣùgbọ́n ní 2023, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Justine Karst, Melanie Jones àti Jason Hoeksema, yẹ gbogbo ẹ̀rí wò, wọ́n ní àwọn èèyàn ti fi kún un ju ohun tí ẹ̀rí gbé lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn yìí ni mo wà. Ohun tó dájú ti pọ̀ tó láti yani lẹ́nu, kò nílò àbùmọ́.

Ọjọ́ 14 oṣù keje ni ọjọ́ igi gbíngbìn nílùú Èkó. Bí wọ́n bá fún ọ ní ọmọ igi lọ́jọ́ náà, má kàn gbẹ́ ihò kí o sọ ọ́ sínú iyanrìn lásán. Wá àgbà igi irú rẹ̀ tí ara rẹ̀ dá, bu ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ dúdú nídìí rẹ̀ pẹ̀lú gbòǹgbò wẹ́wẹ́ tó wà nínú rẹ̀, kí o fi sínú ihò kí o tó gbé ọmọ igi lé e. Má jẹ́ kí wọ́n da sìmẹ́ǹtì yí ìdí rẹ̀ ká. Fi ewé gbígbẹ bo ilẹ̀ ibẹ̀, má gbá a dànù, má sì dáná sun ún. Òjò á dáwọ́ dúró díẹ̀ lóṣù kẹjọ, nítorí náà máa bomi rin ín ní ìrọ̀lẹ́ títí òjò yóò fi padà.