Ogun tí a Rà Níkọ̀kọ̀

Àwọn àgbà ní ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ṣùgbọ́n ta ni í wí ogun tẹ́lẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé abẹ́lẹ̀ ni ìlú ti ń ra ẹ̀tù, tí ikọ̀ sì ń fi ẹnu dídùn bo ète mọ́lẹ̀? Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìjà abẹ́lẹ̀ láàárín ìlú méjì ṣe ń di ogun ojútáyé, kí ó yẹ ìtàn ogun Kírìjì, èyí tí Ìbàdàn àti Èkìtì bá ara wọn jà, wò.

Ní ọdún 1877, Látóòsà, Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò, akọni Ìbàdàn Mesí Ọ̀gọ̀ nílé Olúyọ̀lé, rán àwọn ènìyàn lọ ra ìbọn àti ẹ̀tù ní Àjàṣẹ́ (Porto Novo). Bí wọ́n ti ń bọ̀ ni àwọn Ẹ̀gbá dá wọn lọ́nà, nítorí kò sí ẹni tí í rí aládùúgbò rẹ̀ tó ń ra ìbọn kí ó rò pé ẹran ìgbẹ́ ni yóò fi pa. Ìbàdàn kó ogun wọ oko Ẹ̀gbá; Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú sì dí ọ̀nà òkun mọ́ Ìbàdàn. Àwọn Èkìtì, tí ìwọ̀sí àwọn àjẹ́lẹ̀, aṣojú tí Ìbàdàn fi ṣọ́ ìlú wọn, ti sú, tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ lọ́sàn-án tí wọ́n sì ń gbìmọ̀ lóru, rí i pé ọwọ́ ọ̀gá dí. Ní ọdún 1878, Fábùnmi, akọni Òkè-Ìmẹ̀sí, bẹ́ orí àjẹ́lẹ̀ Ìbàdàn nílùú náà, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi pa àwọn àjẹ́lẹ̀ ìlú mìíràn. Ògèdèǹgbé Ìjẹ̀ṣà sì wá di olórí ogun Èkìtì Parapọ̀, àpapọ̀ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó dojú kọ Ìbàdàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan àwa ará Èkó nìyí. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó ti oko ẹrú padà dé sí Èkó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n dá owó, wọ́n sì fi ìbọn ìgbàlódé, èyí tí a ń ki ọta sí láti ìdí, ránṣẹ́ gba ọ̀nà Oǹdó dé ibùdó ogun Èkìtì Parapọ̀, débi pé ṣakabùlà Ìbàdàn kò ká a mọ́. N kò dá Èkìtì lẹ́bi, ìyà wọn pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó rán ìbọn sùn ní Èkó, ẹni tó gbà á sùn nínú ẹrẹ̀. Látóòsà kú sí ibùdó ogun ní 1885, wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹsàn-án, 1886, síbẹ̀ ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká.

Lónìí, ní ọjọ́ Àìkú, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ń ṣèpàdé ní Múṣin, ní Súrùlérè àti ní Yábàá. Wọn a ka ìwé ìpàdé tó kọjá, wọn a san owó oṣù, wọn a sì jẹun. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjà ààlà ilẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ nílé, tí ẹnì kan sì dìde pé kí a dá owó tí kò gbọdọ̀ wọ ìwé, ẹ rántí pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹ kọ́kọ́ fi àgbààgbà ránṣẹ́ sí ìlú kejì ní gbangba. Ẹ sì bi ẹni náà lójú gbogbo ìpàdé pé kí ni owó ọ̀hún yóò rà àti pé ọwọ́ ta ni yóò dé. Bí kò bá lè dáhùn kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má san kọ́bọ̀.