Bí Òkété Bá Dàgbà: Ìmọ̀ràn fún Ọmọ Ìbàdàn tí Ó Fẹ́ Gba Òbí Rẹ̀ Lálejò ní Lọ́ńdọ̀nù

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe yìí ni ó máa ń sọ sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Ìbàdàn Mesíọ̀gọ̀, ilé Olúyọ̀lé, tí wọ́n ti fi Lọ́ńdọ̀nù ṣe ibùgbé, lọ́kàn nígbà tí ọdún Kérésìmesì bá ń kù sí dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n sì rò ó pé àsìkò tó kí ìyá tí ó pọ̀n wọ́n dàgbà ní Yemẹtu, tàbí bàbá tí ó ta ilẹ̀ kan ṣoṣo tí ó ní kí wọ́n baà lè kàwé, wá fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí wọ́n ń gbé àti àwọn ọmọ tí wọ́n bí. Èrò ọmọ gidi ni, ẹnu mi kò sì ní í tako ó láéláé. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń gbé Yemẹtu, tí mo ń rí àwọn òbí wọ̀nyí nígbà tí wọ́n bá ń lọ, tí mo sì tún ń bá wọn sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá padà dé, mo ti ṣàkíyèsí pé òtútù ni gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù fún wọn, bẹ́ẹ̀ ni ìdánìkanwà ni ó ń jẹ púpọ̀ nínú wọn lára jù, òun náà sì ni àwọn ọmọ kì í sábà múra sílẹ̀ dè.

Ẹ wo bí ìyá bẹ́ẹ̀ ti ń lo ọjọ́ rẹ̀ nílé. Kí ó tó bọ́jú tán ní òwúrọ̀ ni àwọn aláboyún tí ń lọ sí ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ yóò ti máa kí i láti ojú títì, tí òun náà yóò sì máa wúre fún wọn pé tibi tire ni wọn yóò bí i, wẹ́rẹ́ ni wọn yóò gbọ́ ohùn ìyá, wọn yóò gbọ́ ti ọmọ. Bí ó bá di ọ̀sán, ó lè wọ mọ́tò lọ sí Ọjà'ba láti yọjú sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nídìí àtẹ, kí ó gba Bẹẹrẹ padà, kí ó sì yà ní Bẹyẹrunkà níbi tí wọ́n ti ń sọmọ lórúkọ. Bí ó bá sì fi máa dé ilé, ẹjọ́ tọkọtaya kan ti wà nílẹ̀ tí a ń dúró dè é kí ó wá parí rẹ̀, nítorí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ènìyàn ni aṣọ mi, ni àwọn baba wa wí, obìnrin yìí kò sì bọ́ aṣọ náà lára rí láti ìgbà èwe rẹ̀ wá. Ní ọjọ́ tí ó bá gúnlẹ̀ sí Heathrow ni a bọ́ ọ kúrò lọ́rùn rẹ̀, tí a fi ẹ̀wù òtútù rọ́pò. Ọmọ jáde lọ síbi iṣẹ́ nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́, ìyàwó rẹ̀ tẹ̀lé e, àwọn ọmọ gba ilé ìwé lọ. Ìyá jókòó níwájú tẹlifíṣọ̀n, ẹnikẹ́ni kò kọjá kí ó kí i, kí aago 4 ìrọ̀lẹ́ sì tó lù, oòrùn oṣù Kejìlá ti wọ̀.

Nítorí náà, kí ọmọ tó ra ibọ̀wọ́ àti bùláńkẹ́ẹ̀tì, ènìyàn ni kí ó kọ́kọ́ wá sílẹ̀ de òbí rẹ̀. Kí ó bi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ léèrè, ta ni ìyá rẹ̀ ń bọ̀ ní àsìkò kan náà, ta sì ni ìyá rẹ̀ ti wà níbẹ̀, kí àwọn àgbà méjì tí wọ́n jọ gbọ́ ẹ̀ka èdè ara wọn lè máa lọ sọ́dọ̀ ara wọn láàárín ọ̀sẹ̀. Bí òbí bá jẹ́ ẹlẹ́sìn Ìmàle, mọ́sálásí tí ó wà ní Old Kent Road, tí àwọn Mùsùlùmí Nàìjíríà dá sílẹ̀, kún fún ẹni tí yóò kí i ní ìkíni ilé; bí ó bá jẹ́ onígbàgbọ́, ìjọ Kérúbù, ìjọ Sẹ̀lẹ́ àti ìjọ Ìràpadà kò ṣòro rí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ sì ti sọ fún Àlàájì ṣáájú pé ọjọ́ kúrú púpọ̀ níbẹ̀ ní àsìkò òtútù: Àìlà, Alásàárì àti Mọgàríbì yóò bọ́ sáàárín wákàtí mẹ́rin, bí a kò bá sì fún un ní ìwé àsìkò ìrun ti Lọ́ńdọ̀nù, yóò máa rò pé ìrun ń bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, ìyẹn a sì máa ba àgbà lọ́kàn jẹ́ ju bí ọ̀dọ́ ti lè rò lọ.

Ẹ fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ ilé. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ òbí wọn nítorí ìfẹ́, kí wọn má baà sọnù. Ṣùgbọ́n àgbà tí ó kọ́lé, tí ó sì fi kọ́kọ́rọ́ ilé fún ayálégbé rí, kò yẹ ní ẹni tí a ń tì mọ́lé. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ bá wọn rin ọ̀nà ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró títí ẹsẹ̀ wọn yóò fi mọ̀ ọ́n, kí ẹ kọ àdírẹ́sì ilé àti nọ́ḿbà fóònù yín sínú páálí kékeré kan tí kì í kúrò ní àpò wọn. Láti ọdún 2014 ni bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù kò ti gba owó lọ́wọ́ èrò mọ́. Nítorí náà ẹ ra káàdì Oyster fún wọn, kí ẹ sì fi owó sí i kí wọn tó bèèrè. Bọ́ọ̀sì ni kí wọ́n máa wọ̀, kí wọ́n fi ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá ń wo ìta mọ ibi tí òun dé. Bí wọ́n bá lè dá lọ sí Rye Lane ní Peckham, kí wọ́n ná ata rodo àti iṣu, kí wọ́n sì bá ẹni tí ń tà á jà díẹ̀ lórí iye rẹ̀, ẹ ó rí i pé ojú wọn yóò dán nígbà tí wọ́n bá padà wọlé. Kìkì pé ní ọjọ́ Kérésìmesì fúnra rẹ̀, bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin kì í ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ tètè wá ẹni tí yóò fi mọ́tò gbé yín.

Lẹ́yìn ènìyàn, iṣẹ́ ni ó kàn. Láti nǹkan bí ọdún 1955 títí di ìgbà tí àwọn ọdún 1970 ń lọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n lọ kàwé ní Ìlú Ọba, tí wọn kò ní ìyá nítòsí tí yóò gba ọmọ lọ́wọ́ wọn, a máa fi ìkókó wọn fún àwọn obìnrin òyìnbó ní Kent, ní Sussex àti níbòmíràn, wọn a sì máa sanwó ọ̀sẹ̀ lé e lórí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà dàgbà láìgbọ́ èdè bàbá wọn. Lónìí tí ọkọ̀ òfuurufú ń gbé ìyá àgbà láti Lagos dé Lọ́ńdọ̀nù ní nǹkan bí wákàtí méje, kò yẹ kí a gba ojú òdìkejì ṣìnà, kí a sọ ìyá tí a fi lẹ́tà pè wá ṣe ọdún di ẹni tí ń fọ ilẹ̀, tí ń gbọ́mọ láti òwúrọ̀ dé alẹ́, kí ọmọ àti ìyàwó lè máa ṣe àṣekún iṣẹ́. Òfin ìwé ìrìnnà àlejò (físà) ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò fẹ́ kí àlejò di alágbàtọ́ ọmọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: iṣẹ́ kan wà tí ọwọ́ ẹlòmíràn kò lè tó nínú ilé yẹn, òun ni kí ìyá ó pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Àjọkẹ́ tàbí Àlàó, kí ó kì í ní oríkì ilé bàbá rẹ̀, kí ó sọ fún un ẹni tí bàbá ńlá rẹ̀ jẹ́, oko tí ó ní àti ogun tí ó lọ. Ẹ ya wákàtí kan sọ́tọ̀ fún èyí lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kí a pa tẹlifíṣọ̀n. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà fi ẹnu ara rẹ̀ ká a tẹ̀lé ìyá àgbà títí yóò fi mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀.

Kí wọ́n tó dé ni kí a ti kọ́ àwọn ọmọ bí a ti ń kúnlẹ̀ àti bí a ti ń dọ̀bálẹ̀, nítorí bí ọmọ bá wo bàbá àgbà lójú tí ó ní "Hello", bàbá lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n yóò gbé e sọ́kàn lọ sùn. Tọkọtaya tí wọ́n bá sì ní gbólóhùn asọ̀ láàárín ara wọn, kí wọ́n gbé e jáde kúrò nílé. Àlejò tí kò ní ibi tí yóò yà sí kò yẹ ní ẹni tí a ń fi ìjà tọkọtaya há mọ́ yàrá.

Ní ti ara líle, ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Kí àwọn òbí gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti àtọ̀gbẹ tí yóò tó wọn dé ọjọ́ ìpadà, àti lé díẹ̀, ní Ìbàdàn, kí ó wà nínú páálí rẹ̀ pẹ̀lú ìwé dókítà, kí ó sì wà nínú báàgì ọwọ́. Ẹ ra ìwé adójútòfò ìrìnàjò kí wọ́n tó wọ ọkọ̀. Ìtọ́jú pàjáwìrì ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ìjọba níbẹ̀ kì í gba owó lọ́wọ́ àlejò, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti lè dá a dúró sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń gba iye owó ìtọ́jú náà àti ìdajì rẹ̀ lé e, gbèsè tí ó bá sì tó £500 tí a kò tètè san lè dí àlejò náà lọ́wọ́ láti rí ìwé ìrìnnà gbà lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ tún kìlọ̀ fún wọn pé òfin kò gba ẹran tàbí wàrà wọlé láti ilẹ̀ wa. Kí wọ́n fi pọ̀nmọ́ sílẹ̀, ó wà ní Peckham. Lójú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ là ń san án. Ẹ má ṣe yáwó láti mú wọn yíká gbogbo ibi tí òyìnbó ń lọ wò. Bàbá tí ẹ bá mú lọ wo ibi iṣẹ́ yín, tí ọ̀gá yín sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ti rí ohun tí ó wá wò.

Àjò kò sì dùn kí onílé má re ilé. Ìwé ìrìnnà náà lè gbà wọ́n láyè oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n bí ìyá bá ti ń bèèrè lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan bóyá ọyẹ́ ti mú ní Ìbàdàn, tàbí ta ni ń gba owó ilé ní Yemẹtu, ẹ má fi ẹ̀bẹ̀ dá a dúró; tíkẹ́ẹ̀tì tí a lè yí ọjọ́ rẹ̀ padà ni kí ẹ ti rà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí ra ẹ̀bùn tí wọn yóò pín, kí ẹ jẹ́ kí àwọn fúnra wọn dárúkọ ẹni tí yóò gba ohun kọ̀ọ̀kan. Bí ọkọ̀ wọn bá gúnlẹ̀ sí Ìkẹjà ní alẹ́, kí wọ́n sùn sí Èkó. Ní òwúrọ̀, kí ẹnì kan láti ilé bá wọn wọ ọkọ̀ ojú irin tí ó ti ń ná Èkó sí Ìbàdàn láti ọdún 2021, kí mọ́tò ilé sì ti wà ní ibùdókọ̀ ojú irin Mọ́níyà kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀.