Lẹ́tà kan ṣoṣo: bí fòníkú-fọ̀ladìde ṣe ń ti inú sẹ́ẹ̀lì dé gbogbo ara

Lónìí, ẹ jẹ́ ká gun àkàbà ara èèyàn. Sẹ́ẹ̀lì ló wà nísàlẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà la ń pè ní tíṣù. Oríṣiríṣi tíṣù ló para pọ̀ di ẹ̀yà ara, bí ọkàn tàbí kíndìnrín. Àwọn ẹ̀yà ara tó jọ ń ṣiṣẹ́ ló sì di ètò ara, bí ètò tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ káàkiri.

Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ la máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń ṣe é. Ó rí roboto, ó sì rọ̀. Hemoglobin inú rẹ̀ ló ń gbé ọ́síjìn láti ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara. Nǹkan bí 120 ọjọ́ ló ń lò.

Èmi tí mò ń kọ ètò kọ̀ǹpútà mọ̀ pé lẹ́tà kan lè da odidi iṣẹ́ rú. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ara. Nínú DNA tí ara ń tẹ̀ lé láti ṣe hemoglobin, tí T bá gba ipò A níbì kan péré, hemoglobin S la máa rí. Ẹni tó bá gbà á lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá ni SS. Tí hemoglobin S bá ti gbé ọ́síjìn sílẹ̀, ó máa ń lẹ̀ mọ́ra, sẹ́ẹ̀lì á le, á sì tẹ̀ bíi dòjé.

Ẹ wá wò ó bó ṣe ń gun àkàbà. Sẹ́ẹ̀lì yẹn kì í lò ju 10 sí 20 ọjọ́ lọ, torí náà ẹ̀jẹ̀, tí òun náà jẹ́ tíṣù, kì í tó. Ó ń dí òpó ẹ̀jẹ̀, ìrora á wọ inú egungun. Ọlọ inú, tó ń bá wa gbógun ti kòkòrò àrùn, á bàjẹ́. Ó lè dé ọpọlọ pàápàá.

Ara AS sábà máa ń le. Àmọ́ tí AS méjì bá fẹ́ra, oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ìdá 25 nínú 100 láti jẹ́ SS. Ẹ má sọ pé àkọ́bí ti jẹ́ SS, àwọn tó kù ti bọ́. Oyún tuntun, ìṣirò tuntun.

Ní Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba, wọ́n máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun wò fún un. Èsì tiyín lè wà lọ́wọ́ àwọn òbí yín, kẹ́ ẹ má mọ̀. Ẹ bi wọ́n. Tí kò bá sí, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò kí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tó délẹ̀.