Ohun Èlò Eré Ìdárayá Inú Ilé: Ǹjẹ́ Ó Ń Fún Apá àti Ikùn Lágbára?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó fún wa ní ara líle. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad.

Láìpẹ́ yìí, ọmọkùnrin kan ní ilé-kéwú wa ní Ìkàrẹ́ mú bẹ́líìtì kan wá hàn mí. Bátìrì ló ń lò. Bí a bá dè é mọ́ ikùn, á máa gbọ̀n. Wọ́n ti sọ fún un pé bí ó bá ń dè é lójoojúmọ́, ikùn rẹ̀ yóò le bí òkúta. Owó ìdánwò tí bàbá rẹ̀ fún un ló fi rà á. Oṣù méjì kọjá, ikùn kò yí padà, owó ìdánwò kò sì sí mọ́. Èyí ló bí ẹ̀kọ́ oṣù yìí.

Ìkínní: Wíwá agbára kò lòdì sí ẹ̀sìn. Nínú hádíìsì tí Muslim gbà wá, a kọ́ wa pé Ọlọ́hun fẹ́ràn mùmíní alágbára ju aláìlágbára lọ, bí oore tilẹ̀ wà lára àwọn méjèèjì. Ànábì bá ìyàwó rẹ̀ Àíṣà sáré ìje. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn arábìnrin wa náà. Ohun èlò inú ilé tilẹ̀ rọrùn fún arábìnrin tí kò fẹ́ ṣeré ìdárayá lójú ọkùnrin.

Èkejì: Kí ló ń fún iṣan lágbára? Kí a gbé ẹrù lé e, kí a fún un ní ìsinmi, kí a sì máa fi díẹ̀díẹ̀ kún ẹrù náà. Ẹ wo apá àwọn tó ń gún iyán nílé wa, àti ti àwọn tó ń ru omi gun òkè Ọ̀kà. Ta ló ta ẹ̀rọ fún wọn? Nítorí náà, kí ẹ tó ra ohun èlò, ẹ bi ara yín pé: èmi ni yóò ṣiṣẹ́ ni, àbí ẹ̀rọ yìí ni yóò bá mi ṣe é? Irin gbígbé, rọ́bà fífà, àti táyà kékeré ọlọ́wọ́ méjì tí a ń kúnlẹ̀ yí síwájú sẹ́yìn wúlò, nítorí ara wa ló ń ṣiṣẹ́. Bẹ́líìtì tó ń gbọ̀n lè mú iṣan sún kì, ṣùgbọ́n kì í yọ́ ọ̀rá ikùn. Ní 2002, Federal Trade Commission, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí òwò, pe àwọn tó ń ta AbTronic, AB Energizer àti Fast Abs lẹ́jọ́ pé irọ́ ni wọ́n fi ń polówó bẹ́líìtì wọn.

Ẹ̀kẹta: Ohun tí ẹ lè ṣe láìnáwó. Kẹ́ẹ̀gì lítà 5 tí omi kún wúwo tó kílò 5. Ẹ bu lítà 2 sí i, kí ẹ fi ọwọ́ kan gbé e láti itan dé èjìká nígbà 10. Ẹ sinmi, kí ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i, kí ẹ sì ṣe ọwọ́ kejì bákan náà. Bí ó bá ti rọrùn, ẹ bu omi kún un. Fún ikùn àti ẹ̀yìn, ẹ dojú bolẹ̀, ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ àti ìka ẹsẹ̀ gbé ara sókè kí ó tọ́ gbọnrangandan, ẹ ka ení dé ogún, kí ẹ sọ̀kalẹ̀. Ẹ má ṣe sé èémí. Àjọ Ìlera Àgbáyé dábàá irú eré yìí ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Aláboyún, ẹni tó ní ìpá àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi dókítà.

Ẹ̀kẹrin: Ìdúróṣinṣin àti ìfọkàntán. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Hádíìsì fi yé wa pé iṣẹ́ tí Ọlọ́hun fẹ́ràn jù ni èyí tí a ń ṣe déédéé, bí ó tilẹ̀ kéré. Nínú Súrátul-Qasas (28), ẹsẹ 26, nígbà tí ọmọbìnrin nì ń gba bàbá rẹ̀ níyànjú láti gba Ànábì Mûsâ síṣẹ́, ìwà méjì ló kà: agbára àti ìfọkàntán. A kò gbọdọ̀ ya méjèèjì. Ẹni tó fi owó ìdánwò wá agbára ti sọ ìfọkàntán nù kí agbára tó dé.

Ọmọkùnrin náà ti jẹ́wọ́ fún bàbá rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ oko ní ọjọ́ Àbámẹ́ta láti dá owó náà padà, kẹ́ẹ̀gì omi ló sì ń gbé báyìí.

Kí Ọlọ́hun Ọba fi wá ṣe alágbára tó ṣeé fọkàn tán. Àmín.