Ojú Ọ̀nà Eré Ọkọ̀ Nínú Ilé

Ọ̀pọ̀ ẹni tó dàgbà ní Adó-Èkìtì, Ìyìn tàbí Ìgèdè ló mọ ọkọ̀ alágolo. Agolo mílíìkì tàbí ti sàdíìnì ni ara ọkọ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ sìlípáàsì tó ti já la ń gé ṣe táyà. A ó so okùn mọ́ ọn níwájú, a ó sì máa wọ́ ọ káàkiri àdúgbò. Àgbàlagbà tí ìfẹ́ eré yìí kò tíì kúrò lọ́kàn rẹ̀ lè gbé e ga sí i, kó kan ojú ọ̀nà eré ọkọ̀ oníná sínú ilé. Inú mi máa ń dùn sí iṣẹ́ yìí, torí pé iṣẹ́ káfíńtà, iṣẹ́ iná àti ìṣirò ló pàdé nínú rẹ̀.

Ẹni tó ń wa ọkọ̀ yìí kì í yí i. Lábẹ́ imú ọkọ̀ ni ahọ́n kékeré kan wà, tó wọ inú kòtò tóóró tí a gbẹ́ sójú pákó. Ibi tí kòtò bá yà sí ni ọkọ̀ náà ń yà sí. Lọ́tùn-ún àti lósì kòtò yìí, a lẹ bàbà pẹlẹbẹ mọ́ pákó. Iná ń gba ara bàbà kan wọlé, ó ń gba ara ìkejì padà. Wáyà rírọ̀ méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n ń fara kan bàbà, ó sì ń gbé iná lọ bá ẹ́ńjìnnì kékeré inú ọkọ̀. Iná tí ẹ́ńjìnnì yóò rí gbà nìkan ló wà lọ́wọ́ eléré. Bó bá tẹ ohun tó dì mọ́wọ́ wọlé dáadáa, ọkọ̀ a sáré. Bó bá dẹwọ́, ọkọ̀ a rọra. Ẹni tó bá sáré àsápajúdé wọ kọ́nà, ahọ́n a yọ kúrò nínú kòtò, ọkọ̀ a sì dojú dé.

Ilé iṣẹ́ Lionel ní Amẹ́ríkà ti ta ọkọ̀ ìṣeré oníná ní 1912, ṣùgbọ́n Fred Francis, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló mú kí eré yìí gbajúmọ̀ nígbà tó gbé ọkọ̀ Scalextric jáde ní 1957. Ní 2009, James May tó máa ń ṣe ètò lórí tẹlifíṣọ̀n kó ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ sí Brooklands, pápá ìdíje ọkọ̀ àtijọ́ kan nítòsí Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n to ojú ọ̀nà Scalextric tó gùn tó kìlómítà 4.75. Tiwa, iyàrá kan ti tó.

Ìwọ̀n ọkọ̀ tó wọ́pọ̀ jù ni 1 nínú 32. Mítà 32 lójú títì di mítà 1 lórí pákó, tákísí tó gùn ní mítà 4 á sì di sẹ̀ǹtímítà 12 àti ààbọ̀.

Ẹ ra plywood gbígbẹ, ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4. Káfíńtà tó ní ẹ̀rọ ráútà lè gbẹ́ kòtò náà tààrà: mìlímítà 3 ní fífẹ̀, mìlímítà 7 sí 9 ní jíjìn. Bí kò bá ní ráútà, kó gé plywood olómìlímítà 9 sí ọ̀já, kó kàn án mọ́ orí pákó mìíràn, kó sì fi àlàfo mìlímítà 3 sílẹ̀ láàárín ọ̀já méjì. Àlàfo yẹn náà ni kòtò. Ẹ kun ọ̀dà sí òkè àti ìsàlẹ̀ pákó, torí bí òjò Èkìtì bá dé, pákó tó bá fa omi á wú, kòtò á sì fún mọ́ ahọ́n. Ọ̀dà gbọ́dọ̀ ṣáájú bàbà. Bí ọ̀dà bá bo bàbà, iná kò ní kọjá.

Ní ti iná, ẹ má so iná ara ògiri mọ́ ojú ọ̀nà yìí láéláé. Ó lè pa ènìyàn. Ọkọ̀ Scalextric àti irú rẹ̀ ń lo nǹkan bíi fóltì 12, bátìrì ọ̀kadà sì ń gbé iye yẹn jáde. Bí wọ́n bá mú iná lọ, eré ò dúró. Ṣùgbọ́n ẹ fi fíúsì sára wáyà tó jáde láti orí bátìrì, torí bí bàbà méjèèjì bá kan ara wọn, wáyà lè gbóná títí tí yóò fi jó. Bó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìṣeré tó ń lo bátìrì tọ́ọ̀ṣì méjì lẹ yọ lò, fóltì 3 ni tirẹ̀. Fóltì 12 á ba irú rẹ̀ jẹ́.

Ẹ lè ya ọ̀nà Fájuyì sí Ìjìgbò ní Adó-Èkìtì sórí pákó yín, tàbí kí ẹ fi kọ́nà àti òkè ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ṣe àwòkọ́ṣe. Bó ti wù kí ẹ yà á, ẹ ro ti ìrẹ́jẹ. Ká ní kòtò méjì fi sẹ̀ǹtímítà 10 jìnnà síra, tí ojú ọ̀nà sì rí roboto. Ẹni tó wà lóde yóò rin ìrìn tó ju ti ẹni inú lọ. Báwo ló ṣe pọ̀ tó? Ẹ sọ 10 di ìlọ́po méjì, ó di 20. Ẹ fi 3.14 sọ 20 di púpọ̀, ó di sẹ̀ǹtímítà 62.8. Bí wọ́n bá yí i ká lẹ́ẹ̀mẹwàá, ó ti lé ní mítà 6. Ohun tó wù mí jù nínú ìṣirò yìí ni pé bí ojú ọ̀nà náà kéré, bó tóbi, iye yẹn kì í yí padà. Ẹni tó bá fẹ ojú ọ̀nà rẹ̀ kí ìrẹ́jẹ lè tán kàn ń fi pákó ṣòfò ni.

Ohun tó ń fòpin sí ìrẹ́jẹ náà ni kí ojú ọ̀nà rí bíi 8, kí apá kan gba orí afárá kọjá. Ẹni tó wà nínú ní kọ́nà òsì, òun náà ni yóò wà lóde ní kọ́nà ọ̀tún. Ẹ jẹ́ kí afárá ga tó sẹ̀ǹtímítà 10, kó sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀, kí imú ọkọ̀ má baà gbá pákó.

Síbẹ̀, kòtò kan lè dán ju èkejì lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá ń díje, ẹ sáré fún ìṣẹ́jú 5, ẹ pààrọ̀ kòtò, ẹ tún sá ìṣẹ́jú 5, kí ẹ wá ro iye ìyípo méjèèjì pọ̀. Ẹ fi ẹnì kan tí kò sí nínú eré dúró sí kọ́nà: òun ni kó máa gbé ọkọ̀ tó bá ṣubú padà sínú kòtò, kì í ṣe ẹni tó ni ín.