Bí A Ṣe Ń Bo BVN Àti Fóònù Mọ́lẹ̀ Nínú Ìwé Orúkọ Ẹgbẹ́

Ẹ̀kọ́ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí lè kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, àmọ́ ọ̀rọ̀ owó wa ni. Ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹni tójú ń dùn, kó ní kí ọmọ ẹ̀ kà á sí òun létí.

Ìwé orúkọ ẹgbẹ́ ti kúrò nínú ìwé ńlá onípéépà, inú kọ̀ǹpútà ló wà báyìí. Orúkọ wà níbẹ̀, nọ́ńbà ìsọ̀, fóònù, nọ́ńbà àkáǹtì, BVN àti iye tí kálukú jẹ. Àwọn tó ń bèèrè rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan: ẹni tó fẹ́ tẹ káàdì ìdánimọ̀ fún wa, àwọn tó fẹ́ yá wa lówó, àwọn elétò ìlera. Ẹni tó fẹ́ tẹ káàdì, ṣé ó fẹ́ fi BVN wa sebẹ̀ ni?

Ọdún 2014 ni CBN, báńkì àgbà ilẹ̀ wa, gbé BVN jáde. Nọ́ńbà 11 ló tò tẹ̀lé ara wọn, wọ́n sì so ó mọ́ ìka ọwọ́ àti fọ́tò ẹni. Kì í ṣe bí àgádágodo téèyàn ń pààrọ̀ tí kọ́kọ́rọ́ bá sọnù. BVN nìkan kò lè kó owó jáde ní báńkì, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tí gbájúẹ̀ bá ti ní BVN, orúkọ, fóònù àti ọjọ́ ìbí yín lọ́wọ́, á pè yín, á ka gbogbo rẹ̀ fún yín bí ọmọ báńkì: “Màmá, nọ́ńbà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa kà á.” Ẹ̀yin náà á gbà á gbọ́, torí ta ló tún lè mọ gbogbo ìyẹn? Ibẹ̀ lowó ti ń lọ. Òfin tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ ara ẹni, tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023, náà sọ pé ìwọ̀nba ohun tí iṣẹ́ kan nílò ni ká lò fún un.

Ọ̀nà ìkọ̀wé tí wọ́n ń pè ní XML ni ìwé wa wà. Láti 1998 ló ti wà, kò sì le. Ẹ wo bí a ṣe ń kọ àmì sára àpò ẹ̀wà àti àpò gààrí kó má baà dàrú. XML ń kọ orúkọ sẹ́nu àpò kọ̀ọ̀kan, ó sì tún ń kọ ọ́ sídìí rẹ̀. Báyìí ló rí (àpẹẹrẹ lásán ni nọ́ńbà wọ̀nyí o):

<omoegbe iso="C14">
  <oruko>Ìyá Àdùnní</oruko>
  <foonu>08000000000</foonu>
  <bvn>12345678901</bvn>
</omoegbe>

Èyí tó ń bá wa bò ó ni XSLT, tó jáde ní 1999. Ìwé àṣẹ ni: tó o bá rí èyí, ṣe báyìí. Kì í fọwọ́ kan ìwé àkọ́kọ́ rárá, ìwé mìíràn ló ń kọ jáde. Àṣẹ àkọ́kọ́ ni pé kó da gbogbo nǹkan kọ bó ṣe wà:

<xsl:template match="@*|node()">
  <xsl:copy>
    <xsl:apply-templates select="@*|node()"/>
  </xsl:copy>
</xsl:template>

Lẹ́yìn náà la fún un ní èkejì tó dárúkọ BVN:

<xsl:template match="bvn">
  <bvn>*<xsl:value-of select="substring(., 8)"/></bvn>
</xsl:template>

Àṣẹ tó dárúkọ nǹkan máa ń borí àṣẹ tó kan gbogbo ayé. Ohun gbogbo á kọjá bó ṣe wà, àmọ́ tó bá kan bvn, ìràwọ̀ kan ni yóò kọ, yóò wá mú láti orí nọ́ńbà kẹjọ dé òpin, ìyẹn 4 tó kẹ́yìn. *8901 ló máa jáde. Ẹni tó fẹ́ yá wa lówó lè fi 4 yẹn yẹ̀ ẹ́ wò mọ́ èyí tó wà lọ́wọ́ tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi tí jàǹbá wà. Nǹkan méjì ni XML ka bvn àti BVN sí. Tí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ bá fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ níbì kan, àṣẹ wa kò ní rí i, àṣẹ àkọ́kọ́ á sì dà á kọ pátá. Kọ̀ǹpútà kò ní pariwo! Bẹ́ẹ̀ náà ni tí xmlns bá wà lókè ìwé: àwọn àpò yẹn ti ní orúkọ ìdílé nìyẹn, ẹni tó bá pè wọ́n lórúkọ lásán, wọn kò ní dáhùn. Tí fóònù bá wà lẹ́nu àpò bíi ti C14 yẹn, @foonu la gbọ́dọ̀ pè é. Ẹ tún ṣọ́ ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé máa ń há sáàárín <!-- àti -->, bíi “ẹ pe ọmọ rẹ̀ sórí nọ́ńbà báyìí báyìí.” Ìyẹn náà á bá wọn jáde.

Ìdí nìyí tí àwa fi fara mọ́ ọ̀nà kejì jù. Dípò ká máa dárúkọ ohun tó yẹ ká bò, ká dárúkọ ohun tó yẹ kó jáde. Fún ẹni tó ń tẹ káàdì, àṣẹ kan ṣoṣo yìí tó:

<xsl:template match="/">
  <kaadi>
    <xsl:for-each select="//omoegbe">
      <eni><xsl:copy-of select="@iso|oruko"/></eni>
    </xsl:for-each>
  </kaadi>
</xsl:template>

Ohun tí a kò pè, kò ní wá. Tí àṣìkọ bá wà, káàdì á ṣófo, a ó rí i, a ó tún un ṣe. Káàdì tó ṣófo sàn ju BVN tó ti dé ìgboro lọ.

Àwọn kan máa ń so XSLT mọ́ ìwé gan-an, wọ́n á fi méjèèjì ránṣẹ́. Lójú fóònù, ìràwọ̀ lèèyàn á rí, àmọ́ nọ́ńbà wà nínú ìwé níbẹ̀ pérépéré. Ìyẹn ni kéèyàn da aṣọ bo igbá ẹja, kó wá gbé igbá fún ológbò. Ìwé tuntun tó jáde nìkan ni kó lọ. Àwa ń fi xsltproc ṣe é:

xsltproc kaadi.xsl egbe.xml > kaadi.xml

Tó bá ti jáde, a ó ṣí kaadi.xml, a ó wá nọ́ńbà tiwa àti ti ẹni méjì mìíràn nínú rẹ̀. Tí ọ̀kan bá fi lè yọjú, kò ní lọ síbì kankan.

Ó ku ti gbèsè. Tí a bá bo orúkọ nínú ìwé gbèsè, tí a wá fi C14 sílẹ̀, kí la bò? Gbogbo ọjà ló mọ ẹni tó ń jókòó sí C14. Nọ́ńbà ìsọ̀ náà gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí a kọ sábẹ́ orúkọ rẹ̀, kó wá bá wa lọ́jọ́ ìpàdé, a ó ṣí tirẹ̀ nìkan hàn án.